Ìlà Tí Wọ́n Rò Pé Ti Mílíìkì Ni

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí àwọn ará Bàrígà ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n ti fi ata sí i, ẹnì kan tiẹ̀ wo ojú mi kòró, ó ní sójà yìnbọn lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni! Sójà ò yìnbọn kankan. Ẹ̀rín ni sójà rín. Mo wà ńbẹ̀ kẹ̀! Èmi àti màámi gan-an la wà níwájú ìlà.

Ọdún 1984 ni. Sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, ìlú le koko bí ojú ẹja. Mílíìkì ò sí, ṣúgà ò sí, Ómò táa fi ń fọṣọ ò sí. Tí ọkọ̀ ìjọba bá já wọn síbì kan, àwọn èèyàn á tò. Títò yẹn, òfin ni o! Sójà á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kóbókó. Tó o bá fẹsẹ̀ kan kúrò lórí ìlà, tó o ní o fẹ́ yọjú wo ohun tí wọ́n ń tà níwájú, ó parí nìyẹn, fúrọ́ọ̀gì jọ́m̀pù ló kù. Wàá lóṣòó, wàá di etí ẹ méjèèjì mú, wàá máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ayé. Bí gbogbo wa ṣe kọ́gbọ́n nìyẹn. Tó o bá ti rí ìlà, o ò ní bèèrè, wàá kọ́kọ́ tò ná. Tó bá kàn ẹ́, wàá mọ ohun tó jẹ́. Bàbá kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú tò títí, ìgbà tó fi máa débẹ̀, àṣé òkú ni wọ́n ń kí! Ilé olókùú ni! Bàbá náà ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ó jẹ mọ́ínmọ́ín ẹ̀, ó lọ sílé.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n padà sórí màámi.

Látífàt lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú lòun àti bàámi ti ń ṣiṣẹ́. Bàámi, Ràmọ́nù, ló ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé. Tí ẹ̀rọ bá ti pọ ìwé ńláńlá yẹn jáde tán, màámi á ṣẹ́ ẹ po, á tò ó léra, á gún un pọ̀, ó di ìwé tí ọmọléèwé ń kọ iṣẹ́ sí. Ẹ ò lè fojú bá ọwọ́ ẹ̀ tó bá ń ṣẹ́wèé. Ẹ máa kàn gbọ́ ṣáá-ṣáá-ṣáá ni. Ẹnu ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹnu ẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé etí ìwé lọ. Tí kọ́sítọ́mà bá ń dúnàá-dúrà jù, màámi á ní, "Bọ̀dá, ṣé ìwé lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ mi? Torí ọ̀rọ̀ yìí ti ju ti ìwé lọ." Gbogbo ilé ìtẹ̀wé á bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà á yáa sanwó.

Ẹnu yẹn ló dákẹ́.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó bá a jà. Ó kàn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí kẹrosíìnì ẹ̀ ń tán. Á jókòó síwájú òkìtì ìwé, á gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ ò sì ní ṣẹ́ nǹkan kan. Kì í jẹun àfi tí mo bá fi sí i lọ́wọ́. Kì í sùn. Ògiri ló máa ń kọjú sí. Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, "Màámi, kí ló ń ṣe yín?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Níní." Rasheedat lorúkọ mi o, Níní ni wọ́n ń pè mí nílé.

"Kí lẹ ṣe tó rẹ̀ yín?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló rẹ̀ mí."

Ẹ má bá mi bú bàámi o. Bàámi gbìyànjú! Ó ra oyin, ó lọ gba hàǹtú lọ́wọ́ àáfà, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé bóyá ìsinmi ló ń wá. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò fẹ́ gbọ́ sétí, ọsibítù. Ìgbà táwọn òṣèlú wà l'Ékòó, ọ̀fẹ́ nìwòsàn. Sójà dé, wọ́n ní ká máa sanwó káàdì, ká máa sanwó oògùn. Àmọ́ ká sòótọ́, owó kọ́ ló ń ba bàámi lẹ́rù.

"Tí mo bá sọ pé ọkàn ló ń ṣe ìyàwó mi, kí lo rò pé àwọn èèyàn máa gbọ́?" ó bi mí. "Yábà ni wọ́n máa gbọ́! Wọ́n á ní ìyàwó Ràmọ́nù ti ya wèrè. Níní, ta ló tún máa wá fẹ́ ẹ nílé yìí?"

Èmi ò ronú ọkọ kankan. Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ ni mo wà, màámi ni mò ń rò.

Àfi bí nọ́ọ̀sì kan ṣe wá síléèwé wa! Sabina Ikúmápàyí lorúkọ ẹ̀, Nọ́ọ̀sì Sabina ni gbogbo èèyàn ń pè é. Wọ́n ní kó wá bá wa sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ó sọ̀rọ̀ èékánná, ó sọ̀rọ̀ iná orí, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń tòògbé, ló bá sọ pé, "Ẹ gbọ́, ọkàn náà máa ń ṣàìsàn o. Èèyàn lè máà ní ibà, kó má lọ́gbẹ́ lára, àmọ́ kó má lè jẹun, kó má lè sùn, kí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyẹn. Ó sì ní oògùn."

Ó ní oògùn! Díẹ̀ ló kù kí n fò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Bó ṣe ń jáde ni mo sá tẹ̀ lé e dé géètì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ti ìwé, ti ògiri, ti oúnjẹ. Ó ní kí n mú màámi wá sí ilé ìwòsàn kékeré táwọn wà ní Bàrígà. Yàrá kan wà ńbẹ̀ tó kọjú sí títì, ọjọ́ Àtàláátà ni dókítà ọkàn máa ń wá, ọ̀fẹ́ sì ni, yàrá yẹn nìkan ni wọn ò tíì fowó lé.

"Àmọ́ tètè mú wọn wá, ọmọ mi," ó ní. "Ojú ń ti àwọn èèyàn, wọn kì í wá. Ọ̀gá wa ń bọ̀ láti Ìkejà lọ́jọ́ Àtàláátà tó ń bọ̀ yìí. Ó ti sọ pé tóun bá dé tóun ò bá rí èèyàn, òun máa ti yàrá náà pa. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fẹ́ máa kó síbẹ̀."

Sìmẹ́ǹtì! Ẹ gbọ́ mi o! Yàrá tó lè wo màámi sàn, sìmẹ́ǹtì ló fẹ́ gbà á!

Mi ò sọ fún bàámi. Màámi nìkan ni mo sọ fún. Mo rò pé ó máa kọ̀, àmọ́ kò tiẹ̀ ní agbára kíkọ̀. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wọ́n mọ̀ mí ní Bàrígà?"

"Wọn ò mọ̀ yín, Màámi."

"Tẹ́nikẹ́ni bá bi ẹ́ ohun táa wá ṣe, o ò mọ̀ o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o. Òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Nígbà tó di Àtàláátà, bàámi jáde lọ síbi iṣẹ́, àwa náà yọ́ jáde. Màámi fi ìborùn bo orí débi pé imú ẹ̀ nìkan ló kù síta. A fẹsẹ̀ rìn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, òórùn tádà àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lọ lẹ́yìn wa, òórùn ẹja yíyan àti ti ọ̀sà ń bọ̀ níwájú. Nọ́ọ̀sì Sabina rí wa, inú ẹ̀ dùn débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wa. Ó ní ká dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, pé ọwọ́ dókítà ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun àti ọ̀gá jọ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀gá. Ó wá sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó fẹ́ lọ gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró, èèyàn méjì péré, síwájú ilẹ̀kùn títì, lẹ́bàá títì. Màámi níwájú, èmi lẹ́yìn ẹ̀.

Èèyàn méjì tó tò léra wọn síwájú ilẹ̀kùn títì. Lọ́dún 1984. Ṣé ó ti ń yé yín bọ̀?

Ìyá kan ń kọjá lọ, agbọ̀n ẹja lórí. Ó wò wá. Ó kọjá. Ó padà! Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tò sẹ́yìn mi. Ìyá Adéjìmí ni wọ́n ń pè é, mo wá mọ̀ lẹ́yìn, etí omi ní Bàrígà ló ti ń yan ẹja.

"Ẹ kú ìdúró o," ó ní. "Kí ni wọ́n ń tà?"

Mo wo ẹ̀yìn màámi. Ẹ̀yìn màámi ò mira. "Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀ kẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ìwọ lo wà níwájú, o wá ní o ò mọ̀?" Ó tẹ ojú mọ́ mi, ó wò mí títí, ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà! Ó yé mi. Ẹ ò fẹ́ kí èrò pọ̀. Ẹ ṣeun, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mílíìkì ni, àbí? Má dáhùn! Má dáhùn rárá, mo ti rí i lójú ẹ."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Màámi ti ní mi ò mọ̀. Mo panu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn gan-an ló wá jẹ́ ẹ̀rí! Ọmọbìnrin kan ń kọjá, Ìyá Adéjìmí fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí: "Sáré lọ sọ fún ìyá ẹ kó mú abọ́ dání kó máa bọ̀. Má sọ fún ẹlòmíì o!"

Ní Bàrígà, "má sọ fún ẹlòmíì" yára ju rédíò lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin ti ń bọ̀ láti gbogbo kọ̀rọ̀ pẹ̀lú abọ́, pẹ̀lú garawa, pẹ̀lú àpò. Ìlà dé ibi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìlà kọjá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn ń bi àwọn ará àárín pé kí ni wọ́n ń tà, àwọn ará àárín ní àwọn tó wà níwájú ò fẹ́ sọ, àwọn ará ẹ̀yìn ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Ojúlówó ni nìyẹn!"

Iyàn bẹ̀rẹ̀. "Mílíìkì inú agolo ni."

"Ta ló sọ? Ti inú páálí ni. Ẹ̀gbọ́n mi rí tírélà ẹ̀."

"Ṣúgà náà wà ńbẹ̀."

"Ṣúgà onígun ni, èyí tí wọ́n ń kó fáwọn ọ̀gá sójà!"

Ọ̀dọ́kùnrin kan sáré lọ gbé bárò! Bárò, ẹ̀yin èèyàn! Ó gbé bárò tò sórí ìlà bí ẹni pé bárò náà fẹ́ mu tíì. Àlímì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo tún wo màámi. Èjìká ẹ̀ ti ká kò. Ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà: "Níní, èrò ń pọ̀. Ká máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ dúró díẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá lọ, sìmẹ́ǹtì ni."

Kò lóye ohun tí mo sọ, àmọ́ ó dúró.

Ìgbà tí ìlà kan títì ńlá ni sójà dé. Kọ́pùrà kan ni, ó ga, ó dúdú, kóbókó wà lábíyá. "Single line!" ó pariwo. "Anybody wey comot for line, na frog jump!" Wẹ́rẹ́, gbogbo ìlà tọ́ ganrangan. Kò tún wá sẹ́ni tó lè rìn wá síwájú wá bèèrè nǹkan kan. Nǹkan dùn, àbí kò dùn?

Kò tíì tán o! Mo yí ojú wẹ́yìn kí n wo ibi tí ìlà parí sí, kí ni mo rí? Ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣómólú, ó ń sáré, tádà dúdú wà lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, àpò ìrẹsì òfìfo wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bàámi! Bàámi ni o! Ìròyìn mílíìkì ti dé ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú!

Bàámi tò sí ìdí ìlà, ó na ọrùn, ó na ọrùn, ló bá rí mi. Ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó gbé àpò sókè, ó ń jù ú.

"Níní! Ẹ ti ṣíwájú mi débẹ̀! Ìyá Níní, ẹ ṣeun, ẹ káre! Ẹ gba tèmi mọ́ tiyín o!"

Ó rò pé mílíìkì la wá rà. Inú ẹ̀ ń dùn pé ìyàwó òun ti dìde jáde nílé. Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí n bá ṣe. Màámi gbọ́ ohùn ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wá sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Pijó funfun kan dúró. Ọ̀gá tó ti Ìkejà wá ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀, ọkùnrin sísanra tó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn. Dókítà tẹ̀ lé e, Dókítà Kàmál, ojú ẹ̀ tutù bí ti ọmọ tuntun. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń wo ìlà. Nọ́ọ̀sì Sabina sáré jáde láti ẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà la ẹnu.

"Níní," ó yọ́ ọ sọ, "kí lo sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn, mà! Ọlọ́run gbọ́!"

Kọ́pùrà wá bá nọ́ọ̀sì. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Madam, abeg, keep two tin for me. Wetin una dey sell sef?"

Nọ́ọ̀sì Sabina kì í purọ́. Ó ṣàlàyé fún un. Mo rí i bí ojú kọ́pùrà ṣe ń yí padà. Ó yíjú sí gbogbo èrò, ó pariwo débi pé àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi:

"Oya, hear word! No milk! No sugar! Na doctor dey here, for people wey their mind don tire!"

Ni Àlímì oníbárò bá figbe ta: "Yéè! Ìlà wèrè! Ẹ̀yin èèyàn, ìlà wèrè la tò sí látàárọ̀!"

Ó tú! Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣépè, àwọn kan ti ń gbé garawa wọn lọ. Gbogbo ojú wá síwájú, sára obìnrin tó fi ìborùn borí, torí ẹni tó bá wà níwájú, òun ló mọ ohun tó wá ṣe. Bàámi ń bẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àpò òfìfo wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dúró bí òpó. Ó ti yé e.

Màámi fa ìborùn wálẹ̀, ó yí padà, ó fẹ́ lọ. Mo di ìró ẹ̀ mú. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Ó yọ ọwọ́ mi kúrò.

Ìyá Adéjìmí ẹlẹ́ja ni ò jẹ́ ó kọjá. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ dí i lọ́nà o, agbọ̀n ẹja ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ n bi yín o. Ẹni tí oorun ò kùn ńkọ́? Ẹni tó máa jókòó síwájú ẹja tí ò ní mọ̀gbà tí ẹja máa jóná. Ṣé wọ́n ń gba ti ẹni yẹn náà?"

Nọ́ọ̀sì Sabina ò gbọ́, ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, ariwo ti pọ̀.

Màámi dúró.

Ó wo agbọ̀n ẹja yẹn. Ó wo ìyá náà. Ó sì la ẹnu, ohùn ẹ̀ ti há, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i.

"Wọ́n ń gbà á," ó ní. "Èmi, ìwé ni mo máa ń jókòó síwájú ẹ̀. Ìwé tí mo ti ń ṣẹ́ látọjọ́ táyé ti dáyé. Ọwọ́ mi ò ní mọ ohun tó máa fi ṣe."

"Háà," ni Ìyá Adéjìmí wí. "Ó jọ ọ́."

Àlímì tún ti dé o! Ó ti yí bárò ẹ̀ padà kó máa lọ, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń fi wá ṣẹ̀sín. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ rọra o! Ẹ má lọ fa aṣọ ya mọ́ dókítà lára!"

Màámi ṣí ìborùn kúrò lórí. Mo búra fún yín, ó ṣí i kúrò pátápátá, ó yí sí ọmọkùnrin yẹn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá wo bárò.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "èmi mọ ohun tí mo wá gbà níbí. Ìwọ gbé bárò wá kó mílíìkì tẹ́nikẹ́ni ò ṣèlérí ẹ̀ fún ẹ. Nínú èmi pẹ̀lú ẹ, ta ni kí dókítà kọ́kọ́ rí?"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́! Ẹ̀rín tó bú jáde! Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó ń lọ sẹ́yìn lórí ìlà bí ẹni ń ti nǹkan lulẹ̀, àwọn tí ò gbọ́ ń bi àwọn tó gbọ́, àwọn náà á tún bú sẹ́rìn-ín. Kọ́pùrà bi Nọ́ọ̀sì Sabina ohun tó sọ, nígbà tó yé e, ó di ògiri mú, ó ń rín, kóbókó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àlímì fúnra ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ti pa mí." Ẹnu màámi ni o! Ẹnu tí mo ti ń wá látìgbà ìtúnu ààwẹ̀, ẹnu yẹn gan-an!

Láàárín ẹ̀rín yẹn ni mo rí bàámi. Ó ti kúrò lórí ìlà. Ó ń bọ̀ wá síwájú.

"Hey! You!" Kọ́pùrà ti ṣa kóbókó ẹ̀. "Where you dey go? You dey jump queue?"

"Oga, na my wife," bàámi dáhùn, ó nawọ́ sí màámi. Lójú gbogbo Bàrígà! Ó tún sọ ọ́ ní Yorùbá, ó gbé ohùn sókè: "Ìyàwó mi ló wà níwájú yẹn. Ara ẹ̀ ò yá. Mo fẹ́ lọ dúró tì í."

Kọ́pùrà rò ó díẹ̀. Àmọ́ òfin lòfin. "Okay. Go meet am. But na frog jump you go take reach there."

Bàámi lóṣòó. Ọkùnrin tí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, tó ní wọ́n á rí wa fín! Ó ju àpò sí èjìká, ó di etí ẹ̀ méjèèjì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Gbì! Gbì! Ó fò kọjá àwọn oníkẹ́tù, ó fò kọjá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìlà ń pàtẹ́wọ́ fún un, "Fò ó! Bàbá, fò ó!" Eruku bò ó, òógùn bò ó, ó fò títí ó fi dé ẹsẹ̀ màámi. Kò lè dìde mọ́. Ó wò ó látìsàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Látífàt," ó ní, "mo dé."

Màámi wò ó. "Ràmọ́nù," ó ní, "ẹ ti dàgbà ju ẹni tó ń ṣe báyìí lọ." Ó sì na ọwọ́ sí i kó lè dìde.

Dókítà ṣílẹ̀kùn. Àwa la kọ́kọ́ wọlé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá kékeré báyìí, tábìlì kan, àga, fèrèsé kan tó kọjú sí ọ̀sà. Mo rántí pé mo ń rò ó pé, ibí ò tiẹ̀ lè gba sìmẹ́ǹtì tó pọ̀. Dókítà Kàmál ò kánjú. Ó bi màámi léèrè, ó dúró, ó jẹ́ kó dáhùn nígbà tó bá wù ú. Ìgbà tó kan bàámi láti sọ̀rọ̀, bàámi ń gbọn eruku lórí orúnkún, ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé orí ẹ̀ ti fẹ́ dà rú ni?"

"Rárá o. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Àmọ́ oògùn ẹ̀ kì í yá bíi ti ibà. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kò ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nù, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n sì máa bọ̀ níbí ká máa sọ̀rọ̀."

"Yóò lò ó," bàámi ní. "Èmi ni n ó máa gbé omi ẹ̀ fún un."

Nígbà táa jáde, ìlà ti kúrú. Àwọn onímílíìkì ti lọ. Àmọ́ kò tán! Ìyá Adéjìmí wà ńbẹ̀, ó ti fi agbọ̀n ẹja jókòó. Bàbá tíṣà kan tí wọ́n dá dúró níṣẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyàwó ilé kan, kọndọ́kítọ̀ kan tó ń díbọ́n pé ẹnì kan lòun ń dúró dè. Kọ́pùrà náà ti fa Nọ́ọ̀sì Sabina sí kọ̀rọ̀, kóbókó ẹ̀ wà lẹ́yìn, mo gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀: "My wife... since she born that pikin, she no dey talk..." Nọ́ọ̀sì sì ń mi orí, ó ń sọ fún un pé kó mú un wá.

Ọ̀gá Ìbídàpọ̀ wo ìlà yẹn títí. Ó bọ́ kóòtù ẹ̀. "Nọ́ọ̀sì," ó ní, "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kí dókítà tètè dé. Oòrùn ń pa àwọn èèyàn yìí. Kẹ́ ẹ sì wá bẹ́ǹṣì fún wọn."

Bẹ́ǹṣì! Ẹ gbọ́, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì! Mo fò, mo fò gan-an, kọ́pùrà yíjú sí mi bóyá èmi náà ń ṣe fúrọ́ọ̀gì jọ́m̀pù.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé màámi dá ṣáṣá lọ́jọ́ yẹn. Kó tó dé Ṣómólú ló ti tún dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ògiri ló tún kọjú sí, ọkàn mi sì bàjẹ́. Bàámi gbé omi fún un, ó ní, "Dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan." A ń kà á. Àárọ̀ kan mo jí, mo bá a tó ń jẹ búrẹ́dì láìjẹ́ pé wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ mìíràn mo ti iléèwé dé, mo dúró lójú ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé, mo gbọ́ ṣáá. Ó dúró. Ṣáá. Ó tún dúró. Kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bí orin.

Ọjọ́ Àtàláátà kan báyìí, nígbà tí ọdún ń parí lọ, èmi àti ẹ̀ tún wà ní Bàrígà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì tuntun yẹn, àwa àti Ìyá Adéjìmí àtàwọn mélòó kan. Kò sí ìborùn lórí màámi mọ́, gèlè ló wé, ó wé e dáadáa. Obìnrin kan ń kọjá lọ, abọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rí wa, ó dúró, ó ń yọjú wo ilẹ̀kùn. Mo ti mọ ohun tó máa bèèrè kó tó bèèrè.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń tà níbí?"

Mo wo màámi. Màámi ti gbójú sókè, ẹnu ẹ̀ ti ń yí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń yí tẹ́lẹ̀ tí kọ́sítọ́mà bá ti kó sí i lọ́wọ́.

"Wọn kì í tà á níbí, àbúrò mi," ó ní. "Wọ́n ń fúnni ni. Gbé abọ́ kalẹ̀, jókòó, kí n sọ ohun tó jẹ́ fún ẹ. Àmọ́ ẹ̀yìn mi ni o, èmi ni mo kọ́kọ́ dé."